Ilé Baba Ẹnìkan Ni: Ìrìn Ọjọ́ Kan Gun Òkè Ìdànrè

Ẹ ránṣẹ́ pè mí wá sí Life Camp ní Abuja. Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ ọjọ́ kan lọ sí ibi tí àwọn ará àtijọ́ ń gbé láàárín àpáta. Bí mo ṣe ka ìwé ìpè yín tán, ibi méjì ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀kan ni Mesa Verde ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn baba ńlá àwọn ẹ̀yà Pueblo kọ́ odindi ìlú sí abẹ́ àpáta. Èkejì ni Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi gun ti Ìdànrè. Ti Mesa Verde, ìwé àti àwòrán ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìdànrè ni màá mú yín lọ, Mesa Verde á sì máa bá wa rìn.

Kí a tó gbéra, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan nípa ilẹ̀ tí a jókòó sí yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Gwarinpa wá síbí lójoojúmọ́, ta ló ni orúkọ yẹn? Orúkọ àwọn Gwari ló wà nínú rẹ̀. Gwari yìí náà, àwọn Hausa ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Gbagyi ni wọ́n ń pe ara wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, ìjọba ológun Murtala Muhammed ṣòfin pé àárín gbùngbùn ilẹ̀ yìí ni olú-ìlú tuntun yóò wà. Orúkọ Abuja pàápàá, wọ́n gbà á lọ́wọ́ onílé: ìlú kan wà nítòsí tó ń jẹ́ Abuja tẹ́lẹ̀, òun ló wá di Suleja. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba kó dé láti Èkó. Láàárín ìgbà náà, àwọn Gbagyi kan kó kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn, àwọn mìíràn dúró, ìlú ńlá sì hù yí wọn ká. Ẹ máa ń rí àwọn ìyá wọn tó ń ru igi àti ẹrù lórí èjìká, tí wọn kì í gbé e karí bíi tiwa. Ẹ bojú wo àwọn òkè ìhà Dawaki bí ẹ bá jáde. Ẹ wo Mpape, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ẹ wo àpáta Zuma tó dúró sí ẹnu ọ̀nà Suleja, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 100 náírà láti 1999. Láyé ogun àti ìkónilẹ́rú, irú òkè báwọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ Gbagyi fi ṣe odi. Àwa ń ya fọ́tò níwájú Zuma, a ń kọjá lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí á rí ẹni tó máa béèrè pé, àwọn ta ló ti sá pamọ́ síbẹ̀, níbo sì ni ọmọ wọn wà báyìí?

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé dání tí mo fi gun Ìdànrè.

Ọ̀nà Lokoja la gbà, a kọjá Òkene, a gba Ọ̀wọ̀ já sí Àkúrẹ́, a sì sùn síbẹ̀. Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè kò tó wákàtí kan. Oko kòkó ló wà lọ́tùn-ún lósì, nítorí Ìdànrè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí kòkó ti ń jáde jù ní orílẹ̀-èdè yìí. Lójijì ni ẹ máa rí àwọn òkè náà. Òkúta akọ ni wọ́n, dúdú, orí wọn dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí, wọ́n sì yí ìlú ká bí ìgbà tí àwọn àgbà bá yí ọmọ tuntun ká. Kùrukùru ṣì bo orí wọn nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè ní nǹkan bí agogo méje àárọ̀.

Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe lọ sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mo kà á dé 210, orúnkún mi sì gba òǹkà lẹ́nu mi. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ ó jókòó, ẹ ó mu omi, ẹ ó wo páànù ìlú tó ń kéré sí i nísàlẹ̀. Bàbá kan ló ń fi ọ̀nà hàn wá, ọmọ ìlú ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Sílípáàsì ló wọ̀. Kò mí hẹlẹ. Nígbà tí a bá ti dúró, òun náà á dúró, á ní, “Ẹ rọra o, òkè kò lọ síbì kan.” Ní ibi ìsinmi kẹta ni mo bi í pé, Bàbá, ta ló ṣe àtẹ̀gùn yìí fún àwọn ará ìjọsí? Ó wò mí. Ó ní kò sí àtẹ̀gùn nígbà náà. Orí àpáta lásán ni wọ́n ń tẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀, ó di kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di òkúta mú. Aboyún gbà á. Ẹni tó ru iṣu gbà á. Wọ́n gbé òkú gbà á pẹ̀lú, bí ikú bá pa èèyàn sí oko.

Bí ẹ bá dé òkè, ojú yín á là. Ẹni tí kò bá débẹ̀ rí lè rò pé ṣóńṣó òkè ni wọ́n kọ́lé sí. Rárá o. Láàárín àwọn orí àpáta náà ni ilẹ̀ tẹ́jú wà, bí ìgbà tí èèyàn bá kó ìka jọ ṣe àtẹ́lẹwọ́ ní kòtò, inú kòtò ọwọ́ yẹn ni ìlú wà. Àpáta ni odi. Ọ̀tá tó bá fẹ́ wọlé, ojú ọ̀nà tóóró ni yóò gbà, wọ́n á sì ti rí i kó tó dé. Ìtàn àwọn ará Ìdànrè sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá, pé wọ́n rìn títí kí wọ́n tó rí ibi tí ọkàn wọn balẹ̀ sí. Àwọn Ẹ̀gbá náà ṣe irú rẹ̀ ní 1830 nígbà tí wọ́n tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ àpáta Olúmọ. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá kò pẹ́ lábẹ́ àpáta, wọ́n tàn ká ilẹ̀ Abẹ́òkúta. Ará Ìdànrè dúró sókè. Wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, wọ́n jọba síbẹ̀, wọ́n sin òkú wọn síbẹ̀, ìran lẹ́yìn ìran.

Ààfin Ọ̀wá, ọba wọn, ṣì dúró, ògiri alámọ̀, àgbàlá, àti òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Kóòtù àtijọ́ wà níbẹ̀. Ibi tí agogo wà ń bẹ, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Omi Apààrá ń ṣàn. Àmì kan wà lára òkúta tó dà bí lẹ́tà, kò sẹ́ni tó lè kà á. Ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, akọni ọdẹ ìlú náà. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í ṣe déédéé rẹ̀, ì báà jẹ́ tọmọdé, ì báà jẹ́ tàgbà, àfi tí ẹni náà bá jẹ́ àjẹ́. Mo ti tèmi bọ̀ ọ́, ó ṣe déédéé, ọkàn mi sì balẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Ní 2007, ìjọba wa fi orúkọ Òkè Ìdànrè sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, sínú àkójọ àwọn ibi tó lè di ogún àgbáyé. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, orí àkójọ yẹn náà ló ṣì wà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ààfin ló mú mi lọ́kàn jù. Ilé kan ni, tí ògiri rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ mọ́, tí koríko ti gba àárín rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá ògiri náà láti ya fọ́tò. Bàbá na ọwọ́ dá a dúró. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí ibi tí ẹnu ọ̀nà wà nígbà kan, ó fi ọ̀pá gbá òkúta lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Àgò o!” Ó dúró díẹ̀ kó tó wọlé. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Bàbá kò bínú. Ó ní, “Ilé ìyá mi àgbà rèé. Ṣé ẹ kì í kágò wọ ilé onílé ní Abuja ni?”

Ó mú wa wọ inú ibẹ̀. Ó ní ibí ni wọ́n ń sùn, ibí ni ewúrẹ́ ń wà. Ó tẹ̀ ba, ó gbá koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́, òkúta ààrò mẹ́ta sì yọ jáde, èéfín ṣì dúdú lára wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni ọlọ wà. Mo fi ọwọ́ mi sí ojú ọlọ náà. Ó ti jẹ wọnú tó àwo ọbẹ̀, ó ń dán, ó tutù, kò sí gbágungbàgun kankan lára rẹ̀. Ata ọdún mélòó ló lè gbẹ́ òkúta akọ bẹ́ẹ̀? Ìyá àgbà Bàbá yìí ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà tí ìlú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí wọ́n ní kó máa bọ̀, ó sì padà gòkè lọ mú àwo kan tó gbàgbé. Bàbá sọ ìtàn àwo yẹn bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Nǹkan bí 1923 ni àwọn ará Ìdànrè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀, òyìnbó ti gba ìlú, ọ̀nà mọ́tò ń bọ̀, kòkó sì ti di owó. Kí ni èèyàn yóò máa ru àpò kòkó gun òkè fún? Ìlú tí wọ́n ń lò láti sá fún ọ̀tá di ìlú tó jìnnà sí ọjà. Wọn kò sá, ẹnikẹ́ni kò sì lé wọn. Wọ́n kàn sọ̀ sí ẹsẹ̀ òkè kan náà ni, kò tó ìrìn wákàtí kan, wọ́n sì ṣì ń gòkè lọ ṣe orò àti ọdún wọn. Ọdún Orósùn ṣì ń fa èèyàn wálé. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí: ìlú òkè ti dahoro, síbẹ̀ àwọn tó ni ín wà nísàlẹ̀, wọ́n ń wò ó láràárọ̀ bí wọ́n bá ti ṣí fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ àwọn Pueblo náà wọlé báyìí. Wọ́n ti gbé orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkè Mesa Verde ju 600 ọdún lọ kí wọ́n tó sọ̀ sínú pàlàpálá àpáta ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìlá. Òkúta oníyanrìn ni tiwọn, kò le bíi ti Ìdànrè. Omi òjò á wọ inú rẹ̀ lọ títí tí yóò fi kan òkúta mìíràn tí omi kì í là kọjá; ibẹ̀ ni omi yóò ti máa sun jáde. Nígbà òtútù, omi náà á dì, á fẹ̀, á máa bó òkúta díẹ̀díẹ̀, títí ihò ńlá tó dà bí ẹnu tí ó yà yóò fi wà lára àpáta. Inú ẹnu yẹn ni wọ́n kọ́lé sí. Ìdí nìyẹn tí tiwọn fi ní òrùlé àpáta, tí ti Ìdànrè sì ní odi àpáta. Èyí tó tóbi jù, tí wọ́n ń pè ní Cliff Palace, ní yàrá bí 150, àti kiva tó lé ní 20, ìyẹn yàrá roboto abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe orò. Wọ́n ń dá oko lókè orí àpáta, wọ́n sì gbẹ́ ihò tó gba ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ sí ara òkúta láti máa gùn ún lọ. Ohun tí wọ́n ń gbìn ni àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé. Tòlótòló sì wà lára ohun ọ̀sìn wọn. Àgbàdo tí à ń rà ní sísun ní etí títì Life Camp yìí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ló ti ṣẹ̀ wá. Nínú amọ̀ tí wọ́n fi lẹ òkúta pọ̀, ojú ìka àwọn tó kọ́ ọ ṣì hàn títí dòní. Nígbà tí mo kà á, ọlọ ìyá àgbà Bàbá ni mo rántí.

Ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá, wọ́n kó kúrò. Ara igi ni àwọn onímọ̀ ti rí ìdí kan. Lọ́dọọdún, igi a máa fi ìlà roboto kan kún ara rẹ̀ nínú. Ọdún òjò, ìlà náà á fẹ̀, ọdún ọ̀dá, á tín-ín-rín. Igi àjà àwọn ilé náà fi hàn pé ọ̀dá ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní 1276, ó sì wà títí di 1299. Ìjà àti ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Wọ́n gba gúúsù lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìtàn wá yí padà lẹ́nu àwọn àlejò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 1888, Richard Wetherill àti Charlie Mason, àwọn darandaran méjì, ń wá màlúù nínú yìnyín, wọ́n sì rí Cliff Palace. Ìwé kún fún pé àwọn ló ṣàwárí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Ute, ẹ̀yà tó ń gbé ibẹ̀, ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Acowitz, ọ̀kan nínú wọn, ti sọ fún Wetherill pé ilé wà níbẹ̀. Àwọn àlejò náà pe àwọn tó kọ́lé náà ní Anasazi, ọ̀rọ̀ àwọn Navajo, tí ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ sí ọ̀tá àtijọ́. Wọ́n ní ìran náà pòórá. Kò sì pòórá! Hopi, Zuni, Acoma, Laguna, àti àwọn ìlú Pueblo etí odò Rio Grande, ọmọ wọn ni gbogbo wọn. Wọ́n ń sọ pé àwọn kò gbàgbé ibẹ̀, pé baba àwọn ṣì wà nínú ilé náà. Orúkọ tí ẹlòmíràn fún wọn kò dùn mọ́ wọn nínú, bí ẹ ti rí i nípa Gwari àti Gbagyi.

Ní 1891, ọmọ Sweden kan, Gustaf Nordenskiöld, gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ó kó ìkòkò, aṣọ àti egungun òkú lọ sí Yúróòpù. Wọ́n bá ara wọn ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Helsinki, ní Finland. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí Finland tó gbà pé òun yóò dá àwọn òkú náà padà. Ní 2020, àwọn ọmọ wọn gbà wọ́n, wọ́n sì tún wọn sin ní Mesa Verde. Àwa tí ẹ̀gbọ́n wa ní Benin ti rí bí òyìnbó ṣe kó ààfin ní 1897, a mọ ohun tó wà nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ìdànrè, nítorí ohun kan dùn mí níbẹ̀. Mo rí orúkọ tí àwọn àlejò fi ọ̀dà àti èédú kọ sára ògiri àti ara àpáta. Ọ̀kan fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀ sí ìtòsí ibi tí àmì àìlèkà náà wà. Bàbá dúró níwájú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ha á, kò ṣí. N kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní kọ ọ́ sí ara ògiri pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ibẹ̀ kò ní ẹni tó ni ín.

Ibẹ̀ ní olóhun, àní àwọn tí kì í ṣe èèyàn pàápàá. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé orí òkè Ìdànrè nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní gbogbo ayé. Ní 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, lẹ́yìn náà ó ju 40 ọdún lọ tí àwọn onímọ̀ kò fi rí i, wọ́n ti ń bẹ̀rù pé ó ti parẹ́. Ní 2013, àwọn onímọ̀ gòkè lọ, wọ́n sì rí i. Ọmọ rẹ̀ kì í gbé inú adágún. Ara àpáta tí omi ń ṣàn lé lórí fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé. Bí ẹ bá fi ọ̀dà kun àpáta yẹn, ilé ọ̀pọ̀lọ́ náà lẹ kùn.

Mo fẹ́ kí a ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó gbọ́ ìtàn ilé òkè lẹ́nu ẹni tó gbé ibẹ̀ ń dínkù lọ́dọọdún. Bàbá tó mú wa gùn ún mọ ilé ta ni èyí, ilé ta ni ìyẹn, tó ilé bí ogún, kò sì sí èyí tó wà nínú ìwé. Lára wa níbí ni àwọn tó lè fi fóònù gba ohùn sílẹ̀, àwọn tó mọ àwòrán ilẹ̀ yà, àwọn olùkọ́. Ní Mesa Verde, àwọn ẹ̀yà tó lé ní 20 ni ọgbà ìjọba náà ń bá fikùn lukùn lórí ohun tó jẹ mọ́ ilé baba wọn. Ó yẹ kí ọmọ Ìdànrè náà rí irú àyè bẹ́ẹ̀, kí afinimọ̀nà rẹ̀ sì gba owó tó jọjú. Mo fẹ́ kí á jọ gun Ìdànrè; nígbà tí a bá sì ti ibẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kí á lọ bá àwọn àgbà Gbagyi tó yí wa ká níbí, kí á bi wọ́n nípa òkè tiwọn.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó kọ orúkọ sílẹ̀ lórí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó lọ. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú. Sílípáàsì Bàbá kò ṣe é fara wé. Ẹ gbé omi dání, ẹ má gbé ọ̀dà. Ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, a ó dúró de àwọn àgbà wa títí wọn ó fi dé. Bí a bá sì dé òkè, tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá àgbà Bàbá, kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹsẹ̀ kọjá ògiri. A ó tò síta ná, Bàbá á fi ọ̀pá gbá òkúta, gbogbo wa á sì ké àgò.